Àwọn Òkúta Abẹ́ Ìlà Keje

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kẹfà, 2025

Òjò ọjọ́ kẹta nìyí. A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé láti Bowie ní nǹkan bí aago méjì. N ò tíì tú gèlè tí mo fi ki ẹsẹ̀ bọ bàtà òjò, mo lọ wo ewé àjàrà. Àmì pupa rúsúrúsú ti ń yọ lára ewé ìlà kẹta àti ìkẹrin. Bí òjò yìí bá rọ̀ títí di Ọjọ́bọ̀, àrùn yẹn á wọ inú èso, èso tí kò tíì tó orí ìṣáná. Ọdún kẹta tí mo ti ń dúró dè é nìyí.

Nǹkan mìíràn tún wà. Òkúta mẹ́ta ti kúrò létí ọ̀nà mọ́tò wa, lára àwọn tí mo fọwọ́ ara mi kó láti ìsàlẹ̀ oko lọ́dún tí a gbin àjàrà, tí mo tò kí ojú ọ̀nà lè dára. Ojú ihò wọn ṣì wà níbẹ̀, omi ti kún un. Mo wá wọn títí mo fi rí wọn lábẹ́ ìlà keje, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún tí ilẹ̀ ti dà sọ́dọ̀ odò. Wọn ò jù wọ́n síbẹ̀ o. Wọ́n rì wọ́n mọ́lẹ̀ dáadáa, wọ́n tẹ erùpẹ̀ yí wọn ká.

Bàbá Tìmílẹ́yìn ní àgbọ̀nrín ni. Mo ní, "Àgbọ̀nrín ló gbé òkúta?" Ó ní, "Àgbọ̀nrín Maryland, kí ni wọn ò lè gbé?" Ó padà sídìí bọ́ọ̀lù tó ń wò, táì tí wọ́n fún àwọn bàbá ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kẹfà

Òjò dá. Mo fín oògùn kí aago méje tó lù. Mọ̀nsúrát wá láti Landover, torí kì í lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí ní Ọjọ́rú. Ó bá mi já ewé tó bo èso. Láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ wá ló ti sọ tirẹ̀, torí Mùsùlùmí ni, wáìnì sì la fẹ́ fi èso yìí pọn: "Àǹtí, ewé ni mo bá yín tọ́jú o. Ohun tí ẹ bá fi èso ṣe, àárín ẹ̀yin àti Ọlọ́run ni."

Mo kó òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sí ojú ọ̀nà. Wọ́n wúwo. Ẹ̀yìn ń ro mí.

Ọjọ́ Àìkú, 22 Oṣù Kẹfà

Ooru bí ẹni wà nínú ààrò. A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, òkúta ti di mẹ́rin lábẹ́ ìlà keje. Wọ́n fa koríko ẹ̀gbẹ́ wọn tu. Ipa ẹsẹ̀ bárò kan ṣoṣo gba inú ẹrẹ̀ tó ti gbẹ kọjá. Ewé kan ò já, wáyà kan ò tú. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Olè tí kò jí nǹkan, kí ló wá ṣe?

Aaron, bàbá tó ń gbé ilé kejì sí tiwa, tó fi ọgbọ̀n ọdún wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé, ń kọjá lọ. Mo bi í bóyá ó rí ẹnikẹ́ni. "Rárá, mà," ló wí. Bàtà rẹ̀ ló ń wò bó ti ń sọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Oṣù Kẹfà

Ooru ti lé ní ọgọ́rùn-ún lórí ìwọ̀n Fahrenheit. Bísí àbúrò mi pè láti Ìbàdàn. Ǹ bá má ti sọ ọ̀rọ̀ òkúta fún un. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fọwọ́ kan òkúta yẹn mọ́. Ẹ pe pásítọ̀ kó wá gbàdúrà síbẹ̀. Ayé wà níbi gbogbo, ó wà ní Amẹ́ríkà náà."

Lẹ́tà dé lọ́wọ́ ọkùnrin tó fẹ́ ra ilẹ̀ wa láti fi kọ́ ilé. Ìkẹta rẹ̀ nìyí láti ìgbà ọdún Àjíǹde. Mo so ó pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ òkúta. Ó fẹ́ dẹ́rù bà mí kí n lè tà.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Oṣù Kẹfà

Ojú ń tì mí. Mo pe ọkùnrin náà, mo sì bú u dáadáa. Ó jẹ́ kí n parí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mà, mi ò tíì dé ilẹ̀ yín rí. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti rí i." Mo mọ ohùn ẹni tó ń purọ́, torí mo fi ọdún méjìlélógún kọ́ àwọn ọmọ girama ní èdè Faransé. Kò purọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 29 Oṣù Kẹfà

Mo so kámẹ́rà mọ́ òpó kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó yà ni àgbọ̀nrín, àgbọ̀nrín, ológbò aládùúgbò. Ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, nǹkan kan bo ojú rẹ̀. Mo wò ó títí kí n tó mọ ohun tó jẹ́. Akẹtẹ̀ ni, akẹtẹ̀ obìnrin, rìbọ́ọ̀nù aláwọ̀ sánmà yí i ká. Ẹnìkan fi kọ́ kámẹ́rà mi lójú bí ẹni fi fìlà kọ́ ìṣó, ó ṣe tirẹ̀ tán, ó mú un lọ.

Òkúta ti di márùn-ún. Mi ò kó wọn padà mọ́.

Bàbá Tìmílẹ́yìn kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Keje



Òkúta ti pé mẹ́jọ. Mọ̀nsúrát ń so àjàrà mọ́ wáyà ní ìlà keje, ó ń kọrin lábẹ́nu, ó kàn dákẹ́ lójijì. Mo yíjú, mo rí i tó ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀. Ó rìn láti òkúta ńlá kan dé kékeré kan. Ó lọ sí òmíràn, ó tún wọ̀n ọ́n.

"Àǹtí, ẹ wò ó. Ńlá, kékeré. Ńlá, kékeré. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ló wà láàárín wọn. Gbogbo wọn ló kọjú síbi tí oòrùn ti ń yọ."

Mo ní, "Kí ló wá jẹ́?"

Ó ju okùn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ibi tí a sin bàbá mi sí n'Íbàdàn, kò sí símẹ́ńtì, kò sí orúkọ. Òkúta kan ní orí, òkúta kan ní ẹsẹ̀. Ìnnà lílláhì. Àǹtí Àrínọlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde kúrò níbẹ̀."

Mo wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì wà láàárín òkúta ńlá àti kékeré.

Mo rántí ìgbà tí mo kó wọn. Inú mi ń dùn lọ́jọ́ náà. Àwọn òdòdó kéékèèké aláwọ̀ àlùkò kan bo gbogbo ibẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkan gbìn wọ́n síbẹ̀, mo sì ní kí ọkùnrin tó ní katakata tú gbogbo rẹ̀ dànù.

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Keje

Bàbá Tìmílẹ́yìn da gbogbo ìwé ilẹ̀ sórí tábìlì, ó kà á láti òkè dé ilẹ̀. Oko tábà ni láti ìgbà láéláé, ọwọ́ mẹ́ta ló ti kọjá kó tó dé ọwọ́ wa. Kò sí sàréè nínú rẹ̀. "Kò sí nínú ìwé," ló wí. Kò parí ọ̀rọ̀ náà, ó sì palẹ̀ ìwé mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Oṣù Keje

Bàbá Tìmílẹ́yìn nìkan ló lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kí n má bá ẹnikẹ́ni jà, kí n kàn ya fọ́tò. Mo gbé kọ́fíì, mo jókòó sínú ilé irinṣẹ́, mo ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀.

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù pupa kan yọ láti ọ̀nà inú igbó tí mo rò pé ó ti dí. Aaron ni. Ó sọ bárò kalẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn kejì, ó sì gbé ìyá arúgbó kan sọ̀kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Akẹtẹ̀ rẹ̀ ní rìbọ́ọ̀nù aláwọ̀ sánmà. Ó tẹ́ àga fún un láàárín ìlà keje àti ìkẹjọ, ó wá lọ gbé òkúta kan létí ọ̀nà mọ́tò wa. Ìyá náà ń fi ọ̀pá júwe.

"Ó ti jìnnà jù. Fà á padà sọ́dọ̀ mi."

Aaron fà á.

"Díẹ̀ sí i. Ó tó. Òun gan-an nìyẹn. Káàárọ̀, Ezekiel." Òkúta náà ló ń kí.

Fóònù wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè ya nǹkan kan. Mo jáde. Bí Aaron ti rí mi, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí wọ́n na ìbọn sí. Èmi, tí kọ́fíì wà lọ́wọ́ mi. Mi ò rò pé n ó gbàgbé rẹ̀.

Ìyá náà kò yíjú. "Ta ni?"

"Ẹni tó ra ilẹ̀ ni, Àǹtí Anna."

"Sọ fún un kó bọ́ síbi tí mo ti lè rí i."

Mo lọ síwájú rẹ̀. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀. Ó wo orúnkún mi nínú ẹrẹ̀, ó wá wo ojú mi.

"Ìwọ lo gbé màmá mi kúrò?"

Mo ní, "Mà, mi ò mọ̀ pé..."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Ohun tí mo bi ọ́ ni pé ṣé ìwọ ni."

"Èmi ni, mà."

Ó mi orí. Ó ní ẹni mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Àwọn bàbá ńlá rẹ̀ ló gbin tábà ilẹ̀ yìí, àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹrú, lẹ́yìn náà gẹ́gẹ́ bí alágbàro, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń sin ara wọn sí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí wọ́n sin ìyá rẹ̀. Òkúta ìyá rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó pupa, wọn ò sì rí i létí ọ̀nà mi.

Mo bi Aaron ìdí tí kò fi sọ fún mi. Ó ní, "A bẹ ẹni tó ni ilẹ̀ ṣáájú yín, ó pe ọlọ́pàá sí wa. A ò bẹ ẹnikẹ́ni mọ́ láti ìgbà náà. A ò mú nǹkan yín, mà. A kàn ń dá a padà ni."

Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Keje

Èmi àti Bàbá Tìmílẹ́yìn jà. Ó ti pẹ́ tí a ti jà báyìí kẹ́yìn.

Mo ní mo máa sọ fún ìjọba. Ó ní, "Wọ́n á ti gbogbo oko pa. Ìyá Tìmílẹ́yìn, oṣù méjì ààbọ̀ péré ló kù! Ká èso yìí ná. Wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí, wọn ò níbi tí wọ́n ń lọ."

"Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni ìyá yẹn."

"Èmi kọ́ ni mo sin wọ́n síbẹ̀!"

Ó jáde, ó lọ gé koríko tó ti gé lánàá.

Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí yunifásítì rán wa lọ sí Dijon ní ilẹ̀ Faransé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi já àjàrà ní abúlé kan, ibẹ̀ ni nǹkan yìí ti wọ̀ mí lára. Àárín oko ni ibojì wọn wà, wọ́n mọ ògiri yí i ká, àjàrà sì dúró lẹ́sẹ̀ ògiri. Mo máa ń kọjá níbẹ̀ láràárọ̀. Mo rí i nígbà náà, àmọ́ nígbà tí mo dé orí ilẹ̀ tèmi, ojú mi fọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Oṣù Keje

Mo pe ọkùnrin tó ní katakata. Ó ní àwọn òkúta pẹlẹbẹ fọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ, ó sì dà wọ́n sínú kọ́tà ojú ọ̀nà. Èmi àti Mọ̀nsúrát wọ inú kọ́tà láti aago méje títí di ọ̀sán. Agolo bíà, táyà kan, ejò kan. Òkúta pupa pọ̀ níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti rún. Èwo ni màmá ẹni nínú wọn?

Ọjọ́ Ajé, 21 Oṣù Keje

Mo pe ọ́fíìsì tó ń rí sí ohun àtijọ́ ní káúńtì, ìjọba ìbílẹ̀ wa níbí. Mi ò sọ fún Bàbá Tìmílẹ́yìn kí n tó pè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 Oṣù Keje

Wọ́n wá. Ẹ̀rọ wọn dà bí èyí tí à ń fi gé koríko, wọ́n ń tì í lọ tì í bọ̀, ó ń wo abẹ́ ilẹ̀. Ìsàlẹ̀ ìlà kẹfà títí dé ìkẹsàn-án. Obìnrin tó ń tì í dúró, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Mẹ́rìnlá ni ibojì, kì í ṣe mọ́kànlá.

Wọ́n ní wọn ò ní ti oko. Kí n má gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́, kí ẹ̀rọ má wọ ibẹ̀. Ohun tó bá so lókè, tèmi ni. Mo dúpẹ́, mo sì mọ̀ bí mo ti ń dúpẹ́ pé mi ò lè ta èso yẹn.

Ọjọ́bọ̀, 31 Oṣù Keje

Mo pe Stephanie, ẹni tó fẹ́ ra èso wa láti fi pọn wáìnì. Àdéhùn wa ni pé bí ó bá pé tọ́ọ̀nù mẹ́ta, yóò pọn ọ́n lọ́tọ̀, orúkọ oko wa á sì wà lára ìgò. Láìsí ìdajì ìlà mẹ́rin, kò ní pé. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó ní òun á gbà á, ṣùgbọ́n inú àgbá ńlá ni òun á dà á pọ̀ sí pẹ̀lú ti àwọn ẹlòmíràn. Orúkọ kankan ò ní sí lára ìgò.

Mo ní mo gbọ́. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ jókòó sínú mọ́tò níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kẹjọ

Aago mẹ́fà ni Bàbá Tìmílẹ́yìn máa ń ti ibi iṣẹ́ ní DC dé. Lónìí, ó ti ń lọ sí mẹ́jọ. Mo bu oúnjẹ fún un, kò fọwọ́ kàn án.

Ó ní, "Mo yà ní Fort Washington. Níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìyá yẹn."

Mo jókòó sí iwájú rẹ̀.

"Mo fẹ́ ṣàlàyé òfin ilẹ̀ fún un. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá bi mí pé, 'Bàbá tìrẹ ń kọ́?' Mo ní ó ti kú, iwájú ilé wa ní Ọ̀yọ́ la sin ín sí. Ó ní, 'Ta ló ń gbé ilé náà?' Mo ní ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, 'Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.'"

Ó fa àwo oúnjẹ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Kò jẹ ẹ́ síbẹ̀síbẹ̀. "Ọdún mẹ́fà ni mi ò ti pe ẹ̀gbọ́n mi," ló wí.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Oṣù Kẹjọ

Èso ti ń dúdú. Àkọ́kọ́ rẹ̀, ìlà kejì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Kẹjọ

N kò rán Bàbá Tìmílẹ́yìn níṣẹ́. Mo ń fọ àwọ̀n tí a fi ń dá ẹyẹ dúró ni mo rí i tó gbé ṣọ́bìrì lọ sí ìlà keje. Ó ní òun á fi ọwọ́ fa àjàrà ibẹ̀ tu lọ́kọ̀ọ̀kan, láìlo ẹ̀rọ, kí ilẹ̀ lè padà sí bó ti wà. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú wáyà nígbà tí Aaron gba géètì iwájú wọlé. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gba ibẹ̀ nìyẹn. Ó ń sáré, ọwọ́ wà láyà rẹ̀.

"Mo rí yín láti ojú ọ̀nà. Àǹtí Anna ti ní kí n sọ fún yín, ẹ má fà á tu. Ó ní gbòǹgbò rẹ̀ á ti dé ọ̀dọ̀ wọn báyìí. Bí ẹ bá fà á, àwọn náà á bá a jáde."

Bàbá Tìmílẹ́yìn fi ṣọ́bìrì lélẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Aaron náà jókòó sórí koríko. Mo gbé omi tútù wá. 

Ọjọ́ Àìkú, 24 Oṣù Kẹjọ

Ìyá Anna wà ní ilé ìwòsàn. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró ni. Mo dé ibẹ̀ lẹ́yìn ìsìn, ó ń sùn, wọ́n fi ẹ̀rọ mí èémí fún un. Aaron wà lẹ́bàá ibùsùn.

Mo bi í bóyá orúkọ àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá wà nínú ìwé níbì kan. Ó ní kò sí. Orí ìyá náà nìkan ló wà. Òun mọ mẹ́fà.

Mẹ́fà péré.

Ọjọ́rú, 27 Oṣù Kẹjọ

Oyin àti agbọ́n ti rí èso. Mọ̀nsúrát ní òun ń rántí Ìyá Anna nínú ìrun àárọ̀. Mi ò lè sùn dáadáa, mi ò sì lè jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Kẹsàn-án

Aaron pè. Wọ́n ti yọ ẹ̀rọ náà. Ohun àkọ́kọ́ tí Ìyá Anna sọ ni pé ọbẹ̀ wọn kò níyọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 7 Oṣù Kẹsàn-án

Ìyá Anna wá. Géètì iwájú ni wọ́n gbà. Bàbá Tìmílẹ́yìn àti Aaron gbé e tàga-tàga sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìlà keje, ó ń bá wọn wí ní gbogbo ọ̀nà pé wọ́n ń mì í jù. Ó ti rù. Ohùn rẹ̀ kò rù.

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé. Ó ń fi ọ̀pá tọ́ka, mo ń kọ. Ezekiel, tó máa ń súfèé. Ruth àti ọmọ tó bí tí kò sunkún. Moses tí ẹṣin ta pa. Ó sinmi lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó parí. Nígbà tó kan àwọn mẹ́ta tí ẹ̀rọ rí, ó ronú títí.

"Wọ́n á ti wà níbẹ̀ ṣáájú ìyá àgbà mi. Mi ò mọ̀ wọ́n. Kọ wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ti wà: ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta."

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó kan ibi tí kò ní òkúta, ibi tí màmá rẹ̀ wà, lábẹ́ igi àjàrà kẹsàn-án. Mo ti ra òkúta pẹlẹbẹ kan, mo tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, n kò gbójú lé e. Ó wò ó.

"Èyí kì í ṣe tirẹ̀."

"Rárá, mà. Mi ò rí tirẹ̀."

"Aaron sọ fún mi pé o wọ inú kọ́tà." Ó fi ọ̀pá kan òkúta náà. "Ó ṣì ń dùn mí."

"Mo mọ̀, mà."

"Odessa ló ń jẹ́. Kọ ọ́ kó hàn."

Mo kọ ọ́. Ó wo lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí Aaron gbé òkúta náà síbẹ̀, kò kúkú sí òmíràn. Aaron ń gbẹ́ ojú ilẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lásán nígbà tí ìyá náà na ọwọ́ sókè, ó já èso àjàrà méjì lórí ibẹ̀. Mọ̀nsúrát di apá mi mú. Ìyá náà kó méjèèjì sẹ́nu pọ̀, ó jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ fún pọ̀ mọ́ra.

"Ó kan."

"Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì, mà."

"Màá padà wá ní ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà náà."

Ó tu kóró rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Mẹ́rin ni. Ó pa ọwọ́ dé lé e, kò sì jẹ́ kí Aaron gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ títí wọ́n fi gbé e wọ ọkọ̀.